Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Orin Inú Fóònù

Ọ̀rọ̀ orin ni mo fẹ́ bá yín sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí a ṣe ń kọ ọ́ tàbí bí a ṣe ń jó o. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni, pàápàá orin tí ó wà nínú fóònù àti nínú kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn yóò ní, ‘Ṣé ìyẹn náà gba àsọyé?’ Ó gbà á. Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Kí a tó dé orí fóònù, ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí orin ti ń bọ̀. Ní ọdún 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Àwo ìgbà náà, ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó wúwo, bí ó bá sì bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, fífọ́ ni yóò fọ́. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí púpọ̀ nínú orin inú fóònù yín kò ní. Bébà róbótó kan wà láàárín rẹ̀, orúkọ akọrin, orúkọ orin, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà àwo sì wà lára bébà náà. Kí ènìyàn tó gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó ti mọ ẹni tí òun fẹ́ gbọ́. Nígbà tí àwo ńlá dé, èyí tí ojú kan rẹ̀ ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, páálí rẹ̀ tún ní àwòrán akọrin, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ a ó rí orúkọ àwọn onílù lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, kásẹ́ẹ̀tì náà sì ní bébà tirẹ̀ nínú ike.

Nígbà tí orin di fáìlì ni bébà yìí bọ́ sọnù.

Fáìlì tí gbogbo wa mọ̀ jù ni MP3. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Fraunhofer ní ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn tí ó ṣe é, ní oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n sì fi ẹnu kò pé àwọn lẹ́tà mẹ́ta yìí ni yóò máa wà ní ìparí orúkọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń yọ àwọn ohùn tí etí ènìyàn kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ kúrò, tí orin náà yóò fi fúyẹ́. Orin ìṣẹ́jú kan lórí àwo CD ń gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 10; MP3 tí ó wọ́pọ̀ ń gba nǹkan bí ẹyọ kan ṣoṣo. Nítorí náà ni káàdì mẹ́mọ́rì kékeré bí èékánná ọwọ́, tí a kọ 32 sí lára, fi lè gba orin tí a ó gbọ́ tọ̀sán-tòru fún ọjọ́ tí ó lé ní 20 kí ó tó tán. Bàbá bàbá yín kò bá rán ọkọ̀ ẹrù láti kó irú orin bẹ́ẹ̀ ní ìgbà àwo.

Ṣùgbọ́n nígbà tí MP3 kọ́kọ́ jáde, kò sí àyè kankan nínú rẹ̀ fún orúkọ akọrin. Ní 1996 ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eric Kemp wá lẹ bébà kékeré kan mọ́ ìdí fáìlì náà, kì í ṣe bébà gidi, ọ̀rọ̀ lásán ni. Lẹ́tà 30 ni ó fi sílẹ̀ fún orúkọ orin, 30 fún orúkọ akọrin, 30 fún orúkọ àwo, mẹ́rin fún ọdún. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ ka ‘Chief Commander Ebenezer Obey’ pẹ̀lú àlàfo àárín rẹ̀: 29 ni. Ẹyọ kan ni ó kù. Bí ẹ bá wá fẹ́ kọ orúkọ ẹgbẹ́ eléré rẹ̀, Inter-Reformers, mọ́ ọn, ìta ni yóò wà. Kò sì sí àyè fún ẹ, ọ, àti ṣ tí ó ní àmì lábẹ́. Ẹni tí ó ṣe é kò bá wa ní in lọ́kàn. Ní 1998 ni wọ́n ṣe irú mìíràn tí àyè rẹ̀ fẹ̀, tí ó sì lè gba àwọn lẹ́tà wa. Irú èyí ni fóònù yín ń kà lónìí. Àyè ti wà fún orúkọ o. Àwa ni a kì í kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí ìlú. Ní ìlú bí Ìyànsàn, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní apá Òkìtìpupa, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń wá orin fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn a yọ káàdì mẹ́mọ́rì, wọn a gbé e tọ ọmọkùnrin tí ó ní kọ̀ǹpútà lọ, wọn a ní, ‘Bá mi fi orin sí i.’ Ọmọkùnrin náà a sì da orin 200 sí i lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni da àgbàdo sínú àpò. Nígbà tí ẹ bá délé, ohun tí ẹ ó rí ni ‘Track 01’, ‘Track 02’, ‘Unknown Artist’. Ẹ ó tún rí orin tí wọ́n fi orúkọ ẹni tí ó dà á sí orí íntánẹ́ẹ̀tì pè, tí orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Èmi ka èyí sí ìwọ̀sí fún akọrin.

Bí ẹ bá tú fóònù àgbàlagbà kan wò, orin tí ó wà níbẹ̀ kì í ju ọ̀nà mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni orin àwo: Haruna Ishola, I. K. Dairo, Sunny Ade, àti àwọn ọmọ ìwòyí. Èkejì ni orin ìjọ tàbí ti wáàsí tí àwọn ènìyàn fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Ẹ̀kẹta ni orin tí onífóònù fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀: níbi ìsìnkú, níbi ìgbéyàwó, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ìyá àgbà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí tí ó sì ń kọrin.

Ẹ wá wo bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe yàtọ̀. Ẹ̀yin ará Ìkálẹ̀ mọ Comfort Omoge, obìnrin tí ó fi èdè Ìkálẹ̀ kọ orin aṣíkò tí ó sì ṣe é sínú àwo. Bí orin rẹ̀ bá pa rẹ́ nínú fóònù yín, ó dunni, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ní àwo náà, ẹ ó sì tún un rí. Orin ìjọ ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni a fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ti ìyá àgbà, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo ayé, inú fóònù yín ni ó sì wà, orúkọ tí ó ń jẹ́ níbẹ̀ sì ni ‘Recording 14’. Bí ìyá àgbà bá ti lọ, tí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ sì gbàgbé, ta ni yóò mọ ẹni tí ń kọrin? Ohùn yóò wà, ẹni tí ó ni ín yóò ti sọnù. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ to orin rẹ̀, láti orí ọ̀nà kẹta yìí ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí orin àwo nítorí pé ó pọ̀, ó sì dùn ún tò. Ó lè dúró.

Báwo ni a ó ṣe pè é? Ẹ kọ ọdún ṣíwájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ tẹ̀ lé oṣù, lẹ́yìn náà ìlú, ayẹyẹ, orúkọ ẹni tí ó kọrin, àti orúkọ orin. Ká ní ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá ọdún 2019 ni ẹ gba orin kan sílẹ̀ níbi ìsìnkú ní Ìyànsàn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 2019-12-28 Ìyànsàn, ìsìnkú, lẹ́yìn náà orúkọ ìyá náà, lẹ́yìn náà orin. Kí ni ìdí tí ọdún fi ṣíwájú? Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́. Bí ó ti ń ka lẹ́tà láti apá òsì ni ó ṣe ń tò ó. Bí ẹ bá fi ọjọ́ ṣíwájú, ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2024 yóò jókòó síwájú ọjọ́ 28 oṣù kejìlá 2019, bí ọmọ tí ó jókòó síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi oúnjẹ.

Ẹ ṣọ́ra fún orin tí ó bá gba orí WhatsApp wá. Orúkọ tí ó máa ń jẹ́ ni AUD, nọ́ńbà mẹ́jọ, WA, àti nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn. Nọ́ńbà mẹ́jọ wọ̀nyẹn, ọjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tí a kọrin. Mélòó nínú wa ni ó ti tìtorí nọ́ńbà yìí rò pé orin ọdún 1985 jẹ́ ti ọdún 2021! Ẹ bi ẹni tí ó fi ránṣẹ́ léèrè ní ọjọ́ náà gan-an. Tí ó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, òun náà yóò ti gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ orúkọ akọrin wá kàn, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Bí orin kan bá wí pé ‘Sunny Ade’, tí èkejì wí pé ‘King Sunny Ade’, tí ẹ̀kẹta wí pé ‘King Sunny Adé’, ẹni kan náà ni lójú yín àti lójú mi. Lójú ẹ̀rọ, ènìyàn mẹ́ta ni. Ẹ mú orúkọ kan, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Àwọn akọrin wa fẹ́ràn oyè: Olóyè, Àlàájì, Ọ̀gágun, Ajíhìnrere. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni oyè ń pọ̀ sí i. Ebenezer Obey tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú International Brothers ní 1964 kò tíì ní gbogbo oyè tí ó ní lónìí. Èmi a máa yọ oyè kúrò níbẹ̀, kì í ṣe fún àfojúdi, nítorí kí gbogbo iṣẹ́ ẹnì kan lè wà lójú kan ni. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á kí ó kọ oyè sí àyè àlàyé. Àwọn Òyìnbó a máa fi orúkọ bàbá ṣíwájú nínú ìwé wọn. Ẹ má bá wọn ṣe é. Ta ni yóò wá Ayinla lábẹ́ lẹ́tà O?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí àmì ohùn, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ wà lára àwọn tí ń gbọ́ mi. Orin kan tí a bá kọ ‘Oko’ sí lórí láìfi àmì sí i, oko tí a ń ro ni àbí ọkọ ìyàwó? Ọkọ́ tí a fi ń roko ni àbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀? Àmì ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà níbẹ̀ tí púpọ̀ kò mọ̀. Lẹ́tà bí ọ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́ ju ẹyọ kan lọ. Lójú ènìyàn, gbogbo rẹ̀ bára mu. Lójú ẹ̀rọ, ó lè yàtọ̀, bí ẹ bá sì wá orúkọ náà, ẹ̀rọ lè sọ pé òun kò rí i nígbà tí ó wà lójú yín kedere. Àwọn mìíràn tún ń fa ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò kí wọ́n fi ẹ̀jẹ́ kán sí i. Ohun tí mo fọwọ́ sí ni pé kí ẹ lo bọ́tìnnì ìkọ̀wé kan náà nígbà gbogbo. Kí ẹ kọ orúkọ fáìlì láìfi àmì sí i, kí fóònù èyíkéyìí lè kà á. Ṣùgbọ́n nínú àyè orúkọ orin, ibi tí ó fẹ̀ láti 1998 yẹn, kí ẹ kọ ọ́ bí ó ti yẹ, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Ẹ̀yin Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tún ní ọ̀rọ̀ tiyín. Ohùn kan wà lẹ́nu yín tí a fi ‘gh’ kọ, tí kò sí nínú Yorùbá tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé. Ẹ má tìtorí ilé-ìwé yí i padà. Bí ìyá àgbà bá ti pè é ni kí ẹ kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, nínú àyè àlàyé, ẹ kọ bí ará Ìbàdàn tàbí ará Ọ̀yọ́ yóò ṣe sọ ọ́, kí ọmọ yín tí a bí ní Èkó lè rí i nígbà tí ó bá ń wá a. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹlòmíràn yóò bi mí léèrè nípa àwo júùjú àtijọ́, èyí tí ojú kan rẹ̀ ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìdúró, tí akọrin ń ti inú orin kan bọ́ sínú òmíràn, tí ó ń ki olówó kan, tí ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ṣé kí a gé e sí wẹ́wẹ́ ni? Àwọn kan ń gé e. Èmi kò fẹ́ ẹ. Ibi tí orin kan ti ń wọ inú èkejì, ibẹ̀ ni onígìtá àti onígángan ti ń fi ọgbọ́n wọn hàn, ibẹ̀ sì ni àdá máa ń bọ́ sí. Ẹ fi ojú àwo kan sílẹ̀ bí fáìlì kan, kí ẹ wá kọ orúkọ orin inú rẹ̀ tẹ̀ léra, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àpò tí a ń kó orin sí, ẹ má jẹ́ kí ó pọ̀ jù. Akọrin, lẹ́yìn rẹ̀ àwo, ó ti tó. Àwọn kan ń ṣe àpò fún ìkómọ, àpò fún ìsìnkú, àpò fún ọjọ́ Àìkú, wọn a wá da orin kan náà sínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, káàdì a sì kún. Àtòjọ ni a ń lò fún ìyẹn. Ọmọ kan lè wà nínú ìwé ìpè kíláàsì, kí ó wà nínú orúkọ agbábọ́ọ̀lù, kí ó tún wà nínú orúkọ akọrin ilé-ìwé. Ara kan ni ó ní. Bẹ́ẹ̀ ni orin nínú àtòjọ. Bí orin kan bá sì wà ní méjì, ẹ gbọ́ méjèèjì kí ẹ tó pa ọ̀kan rẹ́, kí ẹ mú èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ má sọ orin kékeré di ńlá nípa pípa á dà. Ohùn tí MP3 ti yọ dànù kò ní padà. Bí a bá da ìrẹsì kóńgò kan sínú àpò ńlá, kóńgò kan náà ni.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀dà kejì. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà ní apá Òkìtìpupa mọ ohun tí a ń pè ní ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná ìjọba. Fóònù tí iná rẹ̀ tán lójijì nígbà tí orin ń wọlé sínú káàdì lè ba gbogbo káàdì jẹ́. Ọjọ́ kan ni fóònù yóò kàn bi yín bóyá kí òun nu káàdì náà mọ́. Bí ọmọdé bá tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’, ó parí. Àwọn káàdì ayédèrú tún wà lọ́jà, tí a kọ 64 sí lára, tí inú wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Orin a dà bí ẹni pé ó wọlé, kò sì ní sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ kún un, kí ẹ sì gbọ́ orin tí ó kẹ́yìn kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ má sì ní pé ẹ ti kó tiyín sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá sùn. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ Myspace ti Amẹ́ríkà jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn ń kó ẹrù láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn, orin tí àwọn ènìyàn kó sí ọ̀dọ̀ wọn ní ọdún méjìlá àkọ́kọ́ ti ṣòfò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni orin náà kò ní ẹ̀dà mìíràn nílé. Ẹ̀dà kan nílé, ẹ̀dà kan ní ilé mìíràn, ìlú mìíràn bí ó bá ṣeé ṣe: lọ́dọ̀ ọmọ tí ó wà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà Kérésìmesì tí gbogbo ọmọ bá délé, kí ẹ gbé méjèèjì jáde, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbọ́ ọ.

Mo fẹ́ sọ èyí kí àkókò mi tó tán. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Orin kan wà tí kì í ṣe fún gbogbo etí, àgbà ni yóò sọ èyí tí ó ṣeé fi ránṣẹ́ àti èyí tí kò ṣeé fi ránṣẹ́. Bí ìyá bá ní kí ó má jáde kúrò nínú ilé, ẹ kọ ọ́ sí àyè àlàyé bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí yóò jogún fóònù náà lè mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín rèé. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ẹ mú fóònù bàbá tàbí ìyá yín, kí ẹ tọrọ rẹ̀ o, kí ẹ wá orin mẹ́wàá tí ilé yín fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀. Ẹ jókòó ti àgbà ilé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n pé, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ta ni ń kọrin? Ta ni ń lùlù? Ọdún wo ni?’ Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ná, lẹ́yìn náà sínú fóònù. Bí ẹ bá bá ohùn kan pàdé tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé kejì, kí ẹ bi àwọn ìyá tí ó wà níbẹ̀. Ẹnì kan yóò mọ̀ ọ́n. Ẹ tètè lọ.